Wọ́n gbé ìwé Bàbá Tíṣà sórí wíkì, ni ‘ọkọ’ bá di ‘oko’!

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ òwe yẹn rí o. Bí ẹ bá ṣe rán an níṣẹ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa jẹ́ ẹ. Bí iṣẹ́ ọ̀hún bá bàjẹ́, kò ní í bẹ̀bẹ̀, ojú kò sì ní í tì í. Ojú ẹni tó rán an níṣẹ́ ni yóò tì.

Ẹ fojú inú wo bàbá àgbàlagbà kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 1997, bàbá yìí jókòó, ó kọ ìtàn àdúgbò wọn sínú ìwé: ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, àwọn baálẹ̀ tó ti jẹ, oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó bógun lọ àtàwọn tó padà wálé. Àwọn arúgbó tó jókòó tì lójoojúmọ́ kó tó rí ìtàn yẹn kọ, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù láyé nínú wọn mọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìwé tí bàbá fọwọ́ kọ ńkọ́? Ikán ti jẹ ẹ́ tán nínú àpótí. Fáìlì yẹn nìkan ló kù, tí wọ́n ń gbé láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn bí ọmọ òrukàn.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣí wíkì kan fún ìtàn ìlú wọn, kí àwọn tó wà ní London àti Houston lè máa rí i kà. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ Bàbá Tíṣà, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, gbé ìwé bàbá síbẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìyẹn náà niṣẹ́? Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó ṣí fáìlì, ó kọ́pì gbogbo ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé wíkì, ó fi pamọ́, ó bá sáré pe bàbá.

“Bàbá, ẹ wá wo ìwé yín o! Gbogbo ayé ló ti lè kà á báyìí.”

Bàbá gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò tíì kà dé ìdajì ojú ewé tó fi dákẹ́. Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Ìwọ ọmọ yìí, ìyá ńlá wa tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí àdúgbò yìí, ṣé oko ló wá tẹ̀lé?”

“Ẹ má bínú, bàbá, ó jọ pé...”

“Dúró ná. Àwọn tó tẹ ibí dó ńkọ́, tí mo ní wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká? Kí lo ní wọ́n gbé lé èjìká níbí yìí?”

Ọmọ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó yára gbé ojú kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ mú ‘ọkọ́’ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ẹ yọ àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àmì orí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó rí ohun tó dà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà síta níwájú ọmọdé.

Kò tán síbẹ̀ o. Oríkì tí bàbá tò sílẹ̀ ní ìlà-ìlà ti di ìdìpọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ìlà ti wọnú ara wọn bí èrò inú ọkọ̀ mọ́lúè. Àwọn àkọlé tó dúdú kirikiri nínú ìwé ti di ọ̀rọ̀ lásán láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn ìpínrọ̀ kan wà nínú àpótí rúbúrúbú, tí ìlà wọn gùn jáde kúrò lójú ewé. Àwòrán baálẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Bàbá kò bínú, àmọ́ ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ti kú tán. Bó bá bàjẹ́ sọ́wọ́ rẹ, ta la fẹ́ lọ bi?”

Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí wúwo nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní ìpamọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń rò pé kíkọ́pì àti lílẹ̀ ti tó.

Kí ló wá fà á? Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Nígbà tí táípúráítà ṣì wà lóde, ẹni tó bá fẹ́ tẹ ‘ọ’ á tẹ ‘o’, á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn díẹ̀, á wá tẹ ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n bá lọ́jà kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé kò bá wulẹ̀ yí àṣà padà: wọ́n á tẹ ‘o’, wọ́n á ní kí Microsoft Word fa ìlà sí i nídìí. Lójú èèyàn, ‘ọ’ ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ‘o’ ni ṣì ni. Ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà, aṣọ ni wọ́n wọ̀ fún un. Àyè tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lórí wíkì sì rèé, ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbà. Ẹni bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ máa bọ́ aṣọ sílẹ̀. Bí àwọn ‘ọkọ’ inú ìwé Bàbá Tíṣà ṣe wọlé ní ìhòòhò nìyẹn, tí wọ́n di ‘oko’.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí tiwọn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ni wọ́n lo fọ́ọ̀ǹtì àkànṣe láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀ǹtì á wá àmì kan tí Yorùbá kì í lò, á ya àwòrán ẹ tàbí ọ sí àyè rẹ̀. Ká ní àyè ç ló ya ẹ sí. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ọ̀ǹtì náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé fáìlì dé ibi tí fọ́ọ̀ǹtì ò sí, ‘ẹbẹ’ á di ‘çbç’, ìwé á wá dà bí ohun tí ọmọ kékeré fi kíbọ́ọ̀dù ṣeré.

Oògùn ìṣòro yìí ni ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Nọ́ńbà ni Unicode ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbogbo èdè, kó lè jẹ́ pé ibi yòówù tí ìwé bá dé, lẹ́tà ò ní pa orúkọ dà. Ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, bíi ‘ẹ́’ àti ‘ọ̀’, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un; nọ́ńbà lẹ́tà àti ti àmì ni wọ́n jọ ń rìn. Wíkì mọ èyí dáadáa, wàhálà kankan ò sí níbẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ bí wíkì? Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ward Cunningham ló gbé àkọ́kọ́ síta lọ́jọ́ 25, oṣù kẹta, ọdún 1995. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii ni ‘wiki’, ‘kíákíá’ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ara bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ni Cunningham ti rí orúkọ yẹn mú. Nígbà tó di ọjọ́ 15, oṣù kìíní, 2001, Jimmy Wales àti Larry Sanger gbé Wikipedia jáde, ìyẹn ìwé ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ sí. Ti èdè Yorùbá náà wà níbẹ̀, àpilẹ̀kọ inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. MediaWiki lorúkọ ètò tó gbé e ró. Ọ̀fẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi lè lo irú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fẹ́ni tó ṣe é. Kíákíá lorúkọ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ yẹn ló tan ọmọ ọmọ Bàbá Tíṣà jẹ tó fi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Wíkì ní èdè tirẹ̀ tó fi ń mọ ohun tí nǹkan jẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ àkọlé, àmì ìdọ́gba méjì lẹ máa fi síwájú rẹ̀, ẹ ó fi méjì sẹ́yìn, báyìí: == Àwọn Baálẹ̀ ==. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúdú, kọ́mà orí òkè mẹ́ta ni níwájú àti mẹ́ta lẹ́yìn. Méjì-méjì máa mú kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan gbé èèyàn lọ sí ojú ewé mìíràn, bọ́rákẹ́ẹ̀tì onígun méjì ló ń gbé e: [[Ìbàdàn]]. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bí ẹ bá tẹ àlàfo síwájú ìlà, bí àwọn tó ń tẹ̀wé ṣe máa ń ṣe láti bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, inú àpótí ni wíkì máa kó ìlà yẹn sí. Ibi tí àpótí rúbúrúbú yẹn ti wá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé bẹ́ ẹ bá bọ́ sí ìlà tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wíkì ò kà á sí. Ó máa so ìlà méjèèjì pọ̀. Ìdí tí oríkì fi di mọ́lúè rèé. Ẹni tó bá ní oríkì tàbí ewì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi <poem> ṣí i, kó fi </poem> tì í, ìlà kọ̀ọ̀kan á sì dúró láyè rẹ̀ lórí Wikipedia àti níbi tí wọ́n bá ti fi ètò yẹn kún MediaWiki wọn.

Nígbà tí ọmọ gbọ́ èyí, ó ní òun ò lè fọwọ́ ṣe gbogbo ìyẹn. Òótọ́ ni, kò sì pọn dandan. Ẹ̀rọ ìyíwèé kan wà tó ń jẹ́ Pandoc. John MacFarlane, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ fílọ́sọ́fì ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló ṣe é, ó sì ti wà lóde láti 2006. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ máa gbé ìwé Word fún un, ẹ ó ní:

pandoc -f docx -t mediawiki iwe.docx -o iwe.txt

Kó tó di pé ẹ ṣẹ́jú, ó ti fi àmì ìdọ́gba sí àkọlé, ó ti to tábìlì, ó sì ti sọ àlàyé ìsàlẹ̀ ewé di irú èyí tí wíkì mọ̀. Àmọ́ Pandoc kì í ka fáìlì .doc ayé àtijọ́, .docx ló ń kà. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ ti 1997 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi Word tàbí LibreOffice ṣí i, kó tún un fi pamọ́ ní .docx. Kì í sì í ka PDF.

Ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún sáré pe bàbá. Ibi tí bàbá ti kọ ‘ọkọ́’, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni <u>o</u>k<u>ó</u>. Irú rẹ̀ kún ojú ewé bí ìjàlọ. Bàbá ní, “Ti àkọ́kọ́ tiẹ̀ sàn, ìyẹn ṣì ṣe é kà.”

Pandoc ò ṣẹ̀ o. Wọ́n ní kó yí ìwé, ó yí i, ìlà tó bá nídìí ‘o’ náà ló gbé wá. Lẹ́tà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò sàn kí wọ́n tó gbé ìwé fún ẹ̀rọ. Ibi tí iṣẹ́ gidi wà nìyí, ó sì ní ètò.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kẹ́ ẹ gbé ojúlówó pamọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Èkejì, ẹ lọ bá àwọn àkọlé. Ẹ má kàn jẹ́ kí wọ́n dúdú kí wọ́n sì tóbi. Ẹ sọ fún Word pé Heading ni wọ́n, nítorí pé orúkọ yẹn ni Pandoc fi ń dá àkọlé mọ̀. Bí ìlà bá wà nídìí àkọlé, ẹ yọ ọ́. Ìdí pàtàkì wà fún èyí, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Ẹ̀kẹta, Word ní ibi tí èèyàn ti lè wá nǹkan kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kó wá ‘o’ tó ní ìlà nídìí, kó fi ‘ọ’ gidi rọ́pò rẹ̀, kó sì yọ ìlà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ò àti ó, fún e, è àti é, àti fún s. Méje nìyẹn. Ẹ tún un ṣe fún lẹ́tà ńlá, ó di 14. Ẹni tí kò bá yọ ìlà ìdí àkọlé ṣáájú, ìgbà yìí ló máa kábàámọ̀: ‘Orí Kìíní’ tó ní ìlà nídìí á di ‘Ọrí Kìíní’, ‘Ìsìn’ á di ‘Ìṣìn’. Èyí tí wọ́n fi fọ́ọ̀ǹtì àkànṣe tẹ̀, ọ̀nà kan náà ni: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì báyìí ló dúró fún lẹ́tà báyìí, kẹ́ ẹ fi ti Unicode rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin ni kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ fẹnu kò lórí àmì ìsàlẹ̀. Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó kú ní 1891, ni Yorùbá ti ń fàmì sábẹ́ lẹ́tà. Àwọn kan ń fi dọ́ọ̀tì sí i, àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán. Lórí bébà, kò sí ìyàtọ̀. Lórí wíkì, ọ̀tọ̀ ni ‘Ọṣun’ oní-dọ́ọ̀tì, ọ̀tọ̀ ni ‘Os̩un’ onílà. Ẹni tó bá fi dọ́ọ̀tì wá a lè má rí èyí tí wọ́n fi ìlà kọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni. Bọ́rákẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gbé èèyàn lọ síbẹ̀ á wá pọ́n lójú, pé ojú ewé yẹn ò sí. Báwọn ẹ̀gbọ́n méjì ṣe ń kọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ nìyẹn. Ẹ mú dọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ dúró tì í.

Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó gbé e fún Pandoc, kẹ́ ẹ fi <poem> sí oríkì, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ wíkì. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ibi tí wọ́n ti lè wò ó ṣáájú, kẹ́ ẹ tó fi pamọ́. Bẹ́ ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ má ṣe jáyà: wíkì ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà tó ti wà, èèyàn lè dá a padà sí ti àná. Àwòrán ò ní bá ọ̀rọ̀ wọlé, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé e. Ti Wikipedia, Wikimedia Commons ni ilé rẹ̀, wọ́n á sì bèèrè ẹni tó ya á.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan náà ṣe pàtàkì. Ohun tí Bàbá Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, òun ló ni ín, ó sì ti yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ nǹkan sórí Wikipedia ti gbà pé kí ẹnikẹ́ni dà á kọ, kó tún un ṣe, kódà kó tà á, bó bá ṣáà ti dárúkọ ibi tó ti rí i, tó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ẹ wo D. O. Fágúnwà tó kú ní 1963. Òfin Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó di ìparí 2033 kí àwọn ìwé rẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé. Yàtọ̀ síyẹn, ohun tó bá ti wà nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni Wikipedia fẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lé. Ìtàn tí bàbá gbọ́ lẹ́nu àwọn arúgbó, wíkì ọmọ ìlú ló yẹ ẹ́.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún gba ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ ohun tó parí ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kankan ò lè mọ̀ bóyá ‘ogún’ tí wọ́n pín ló yẹ kó wà níbì kan, tàbí ‘ogun’ tí wọ́n jà, bó bá jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀wé ní 1997 ti gbàgbé àmì orí rẹ̀. Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọmọ á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa ka ìwé sókè, bàbá á di ojú, á máa gbọ́. Bí etí rẹ̀ bá ta sí àṣìṣe, á gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ á tún un ṣe, wọ́n á tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn àgbà ti tẹ àdúgbò dó, ohùn ọmọ rẹlẹ̀. Ó rọra kà á pé wọ́n gbé ọkọ́ wọn lé èjìká, ó bá wo ojú bàbá.

Bàbá la ojú. “Ìyẹn ni wọ́n gbé,” bó ṣe wí nìyẹn. “Máa kà á lọ.”